Kọ̀ǹpútà Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ẹ Kọ́ Ni Wàá Fi Dánra Wò

Àkànní, wọlé kí o jókòó. Ìyá ẹ ti pè mí láti Iṣẹ́yìn láàárọ̀, kò sì dákẹ́ títí owó fóònù ẹ̀ fi tán. Ó ní o fẹ́ pa gbogbo ohun tó wà lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù òun rẹ́, o fẹ́ fi nǹkan kan tó ń jẹ́ Arch síbẹ̀. Bó ṣe pe orúkọ yẹn, mo kọ́kọ́ rò pé àìsàn ló ń ṣe ẹ́. Ìgbà tí mo bi í pé kí ló fà á, ó ní o rí ojú kọ̀ǹpútà kan tó ń dán gbinrin lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ẹ ní Pólì, o sì ti búra pé èyí tó bá tuntun jù láyé ni o máa lò.

Búra kẹ̀? Lórí kọ̀ǹpútà tí orúkọ gbogbo oníbàárà òfì wà? Ẹni tó san àsansílẹ̀, ẹni tó jẹ gbèsè, iye ìró àti gèlè tí ẹbí kan fẹ́ fún ìgbéyàwó, ọjọ́ tí ahunṣọ ṣèlérí, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àsansílẹ̀ tèmi náà wà níbẹ̀, lórí ẹtù kan tí mo ti ń dúró dè látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ tí mo pọ̀n! Ta ló kọ́kọ́ gbé ọwọ́ ẹ lé kíbọ́ọ̀dù ní sẹ́ńtà yìí, nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ ò tíì kan ilẹ̀ lórí àga? O wá fẹ́ ṣe irú nǹkan báyìí, o ò sì lè gba Ṣakí kọjá kí o ní kí n bi Màmá léèrè ná.

Mo gbà pé apá kan ọ̀rọ̀ ẹ dáa. Windows 10 ti kógbá wọlé ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 ní tiẹ̀ ò fẹ́ rí kọ̀ǹpútà ìyá ẹ sójú: ó ń bèèrè ẹ̀yà ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, ó sì ń bèèrè Intel tó jẹ́ ìran kẹjọ sókè. Tòkunbọ̀ ni ti ìyá ẹ, ìran kẹfà ni, ó sì ṣì lágbára. Kí a máa ju irú ẹ̀ nù, ìwà òmùgọ̀ ni. Linux ló kàn, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Èwo nínú Linux, àti fún ta ni, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ fa etí ẹ.

Yọ nǹkan yẹn kúrò létí kí o gbọ́. Àwọn tó ń ṣe distro, ìyẹn oríṣi Linux kọ̀ọ̀kan, kọ́ ló ń ṣe ojú kọ̀ǹpútà tó ń wọ̀ ẹ́ lójú yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Tübingen ní Jámánì, Matthias Ettrich, ló dá KDE sílẹ̀ ní 1996. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Miguel de Icaza àti Federico Mena bẹ̀rẹ̀ GNOME ní Mẹ́síkò. Títí dòní, GNOME ń gbé tuntun jáde lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án. KDE náà ní ìgbà tiwọn fún Plasma, ojú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń ṣe. Ọmọ Iṣẹ́yìn ni ẹ́, á yé ẹ: àwọn wọ̀nyí ni ahunṣọ. Fedora, Ubuntu, Debian àti Arch, aláṣọ ni wọ́n, tí ń gba òfì lọ́wọ́ ahunṣọ gbé e lọ sọ́jà. Aṣọ kan náà ni gbogbo wọn ń tà. Ẹnì kan á gbà á bó ṣe ń kúrò lọ́wọ́ ahunṣọ báyìí, á ti fẹ́ ẹ sórí àtẹ kí ọjọ́ tó rọ̀. Ẹlòmíì á tẹ́ ẹ sílẹ̀, á máa wá ibi tí òwú ti já, á kó o sínú àpótí, ọjọ́ tó bá dá ló máa ṣí i. Tí o bá ń yan distro, ìgbà tí nǹkan tuntun máa dé ọwọ́ ẹ lò ń yàn.

Wo GNOME 48. Ó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2025. Oṣù kẹrin, Fedora 42 àti Ubuntu 25.04 ti gbé e jáde. Ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ni Debian 13 dé, GNOME 48 yẹn náà ló gbé wá. Ìgbà tí GNOME 49 jáde ní oṣù kẹsàn-án, Ubuntu 25.10 àti Fedora 43 ti mú un ní oṣù kẹwàá. Debian ò tilẹ̀ yíjú wo ibẹ̀. 48 ni Debian 13 máa lò títí Debian mìíràn á fi dé, bíi ọdún méjì méjì sì ni wọ́n ń ṣe é. Láàárín ìgbà náà, wọ́n á máa dí ihò ààbò, wọ́n á máa tún àṣìṣe ṣe, ojú kọ̀ǹpútà ẹ ò ní yí padà. Àwọn kan wà tí wọ́n ń sanwó nítorí irú ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn. Ìwọ lo pè é ní nǹkan àgbàlagbà.

Ubuntu ńkọ́? Mo mọ̀ pé o máa bèèrè. Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ló gbé e dé ní 2004, ìgbà kan sì wà tí wọ́n ń fi CD ẹ̀ ránṣẹ́ sí èèyàn nílé lọ́fẹ̀ẹ́, wọn ò sì dáwọ́ ẹ̀ dúró títí di 2011. Nọ́ńbà ara ẹ̀ ni kí o máa kà: 24.04 ni oṣù kẹrin ọdún 2024. Èyí tó bá ní LTS lára, ọdún márùn-ún ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀, GNOME tó bá bá a dé náà ló máa bá a kalẹ̀. 46 ni ti 24.04. Àwọn tí kò ní LTS ló máa ń ní èyí tó tuntun, oṣù mẹ́sàn-án péré sì ni wọ́n fi ń tọ́jú wọn. Lẹ́yìn náà, yálà o fẹ́ tàbí o kọ̀, o gbọ́dọ̀ bọ́ sí òmíràn.

Èyí tó máa yé ẹ jù lọ ni ti Plasma 6. Ó jáde ní ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 2024. Oṣù kẹrin ọdún náà, distro méjì jáde ní ọ̀sẹ̀ kan náà: Fedora 40 gbé Plasma 6 wá, Kubuntu 24.04, ìyẹn Ubuntu tó ń lo KDE, sì ní ká jọ̀ọ́ òun á dúró sórí 5.27. Ẹni tó wo ọjọ́ tí wọ́n jáde nìkan á ní ọgbọọgba ni wọ́n. Ó yẹ kí o máa bi ara ẹ pé nọ́ńbà wo ló wà nínú ẹ̀, kí o tó máa sọ pé "èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni."

Má tíì fọwọ́ sí fóònù yẹn.

O ní èyí tó tuntun ló dáa jù. Ìwọ ò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2008. KDE 4.0 jáde ní oṣù kìíní ọdún yẹn, kò sì tíì jinná. Àwọn distro kan ò dúró, wọ́n gbé e lé àwọn aráàlú lọ́wọ́. Ariwo sọ gèè. Linus Torvalds fúnra ẹ̀, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ Linux ní Finland ní 1991, kó ẹrù ẹ̀ kúrò nínú KDE lọ sí GNOME. Ìgbà tí GNOME 3 tún dé ní 2011 tó yí gbogbo nǹkan padà, ó tún bínú kúrò níbẹ̀ lọ sí Xfce, kó tó padà sí GNOME lẹ́yìn-ọ̀rẹyìn. Ṣé o mọ distro tí ọkùnrin yìí ń lò fún iṣẹ́ ẹ̀? Fedora. Ẹni tó lè fi ọwọ́ ara ẹ̀ hun gbogbo ẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ń lo èyí tí ò ní gba àkókò ẹ̀. Ìwọ tí o ní iṣẹ́ àṣekágbá HND lọ́rùn, o fẹ́ máa fi òru wá ìdí tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò fi ṣiṣẹ́.

Arch ò burú o. Má lọ sọ níta pé Màmá ń bú Arch. Láti 2002 ni Judd Vinet ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìwé àlàyé wọn dáa débi pé àwọn tó ń lo distro mìíràn ń lọ kà á. Tí GNOME tàbí Plasma bá jáde, kì í pẹ́ kó tó débẹ̀. Àmọ́ ìwà tó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó, ìyá ẹ ò ní in, ìwọ náà ò sì tíì ní in. Gbogbo ara kọ̀ǹpútà ló gbọ́dọ̀ gba update lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò gbà kí o mú apá kan kí o fi apá kan sílẹ̀. Kí o tó ṣe é, wọ́n ní kí o kọ́kọ́ ka ìròyìn wọn, torí ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ọwọ́ ara ẹ lo máa fi tún nǹkan kan ṣe. Tí o bá sì fi í sílẹ̀ bí oṣù mélòó kan nítorí détà, ọjọ́ tí o bá padà dé, kọ́kọ́rọ́ tí ó fi ń mọ ojúlówó lè ti gbó, kó máa kọ ohun tí o bá ní kó gbà. Nínú ṣọ́ọ̀bù òfì, ta ló máa dúró ti irú ẹ̀? Ìyá ẹ tó ń fi ìka kan tẹ kíbọ́ọ̀dù?

Ká má tíì sọ ti iná. Òkè-Ògùn là ń gbé o. Wọ́n mú iná lọ láìdágbére, bátìrì tòkunbọ̀ ìyá ẹ ò sì gbé e kọjá ìgbà tí èèyàn fi máa kí ẹni tó wọlé. Jẹ́ kí update ti ń kọ kernel, ọkàn Linux gan-an, sílẹ̀ lọ́wọ́, kí iná wá lọ. Ìgbà tó bá padà dé, kọ̀ǹpútà lè máa wò ẹ́ pẹ̀lú ojú dúdú. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. O fẹ́ tan iná sórí òrùlé ìyá ẹ, o wá fẹ́ wọ ọkọ̀ padà sí Pólì.

Ó dùn mọ́ mi pé àwọn kan ti ronú sí ọ̀ràn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò mọ ibi tó ń jẹ́ Ṣakí. Fedora ní irú kan tí wọ́n ń pè ní Silverblue, GNOME ló wà lórí ẹ̀. Èkejì ẹ̀ tó ní KDE ni Kinoite. Tí update bá dé, kì í fọwọ́ kan èyí tí o ń lò lọ́wọ́. Á kọ́ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ìgbà tí o bá pa kọ̀ǹpútà tí o sì tún un tàn ló tó bọ́ sórí tuntun. Iná lọ láàárín? Ti àtijọ́ ṣì wà níbi tó wà. Tuntun ò tẹ́ ẹ lọ́rùn? Mú ti àná nígbà tí o bá ń tan kọ̀ǹpútà. Àwọn openSUSE náà ní Tumbleweed, tí tuntun ń dé sínú ẹ̀ bí ojoojúmọ́. Ẹ̀rọ ló ń kọ́kọ́ dán gbogbo ẹ̀ wò kí wọ́n tó jẹ́ kó jáde, ó sì máa ń ya àwòrán ipò tí kọ̀ǹpútà wà kó tó yí nǹkan padà, kí o lè rí ibi padà sí. Láàárín àwọn tó ń sáré, òun ni mo bọ̀wọ̀ fún jù. Détà ni ọ̀tá ẹ̀. Ẹni tó ń ra gíìgì ní kékeré kékeré, tó ń dúró de òru kó tó da nǹkan sílẹ̀, kò lè máa bá Tumbleweed sáré. Níbi tí a wà yìí, kí a máa ṣírò gíìgì mọ́ distro: Ubuntu 24.04 fúnra ẹ̀ lé ní gíìgì márùn-ún kí o tó fi sórí fláàṣì. Ti Fedora ò tó bẹ́ẹ̀. Debian kékeré tí wọ́n ń pè ní netinst ò tó gíìgì kan, àmọ́ má jẹ́ kó tàn ẹ́, ìyókù ń bọ̀ wá bá ẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀yin ọmọdé kì í bèèrè: ta ló wà lẹ́yìn ẹ̀? Àwọn ará wa ti ṣe Linux rí. Wazobia Linux lorúkọ ẹ̀, ilé-iṣẹ́ Leapsoft ló ṣe é, wọ́n sì fi Yorùbá, Haúsá àti Ígbò sínú ẹ̀. Inú mi dùn sí i gan-an nígbà yẹn, mo rò pé ibi tí ayé ń lọ nìyẹn. Òní dà? Kò sí ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀ mọ́. Má sọ pé torí ọmọ Nàìjíríà ni. Intel, Intel gan-an tó ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ní Clear Linux, tó máa ń ní GNOME tuntun, tó sì ń sáré ju ọ̀pọ̀ lọ. Oṣù keje ọdún 2025, wọ́n kéde pé ó parí, wọ́n sì dáwọ́ update ààbò dúró lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó fi iṣẹ́ wọn sórí ẹ̀ ní láti kó jáde. Debian ti wà láti 1993. Tí ọ̀rẹ́ ẹ bá tún mú distro kan wá tí ẹnì kan ń ṣe nínú yàrá ẹ̀, wo ojú kọ̀ǹpútà ẹ̀ dáadáa, yìn ín, kí o máa lọ.

Ó dáa. Ti ìyá ẹ la máa kọ́kọ́ parí. Linux Mint. Má fún ojú pọ̀. Ìwọ lo sọ pé o fẹ́ kí ojú kọ̀ǹpútà ẹ̀ jẹ́ tuntun. Mint ló máa fún un láìda ilé rú. Cinnamon tó wà lórí ẹ̀, àwọn Mint fúnra wọn ló ń ṣe é. Ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbé e lé, Ubuntu LTS ni, tí kì í yí padà. Mint 22 jáde ní oṣù keje ọdún 2024, wọ́n á sì máa tọ́jú ẹ̀ títí di 2029. Láàárín ìyẹn, 22.1 ti mú Cinnamon 6.4 dé. Ó rí bẹ́ẹ̀: ìsàlẹ̀ dúró, òkè ń di tuntun. Timeshift náà wà nínú ẹ̀, tó máa ń jẹ́ kó padà sí ipò àná. Ìyá ẹ á rí ibi tó ti ń ṣí nǹkan ní ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì bó ṣe ń rí i tẹ́lẹ̀, kò sì ní pè mí. Àlàáfíà tèmi náà wà nínú ẹ̀, mi ò ní purọ́.

Tí ó bá wá nílò ohun èlò kan tó tuntun, bíi LibreOffice, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni torí ìyẹn pààrọ̀ distro. Flatpak wà, ọ̀nà kan tí èèyàn fi ń gba ohun èlò sórí distro yòówù. Ọ̀pọ̀ ohun èlò tuntun wà ní Flathub, ibi tí wọ́n ti ń gbà wọ́n, ó sì máa ń wọlé láìka ọjọ́ orí ìpìlẹ̀ sí. Èyí tí o bá kọ́kọ́ gbà ló máa kó ẹrù púpọ̀ wá pẹ̀lú ara ẹ̀, nítorí náà òru ni kí o ṣe é.

Tìẹ wá kù. O ní RAM gíìgì mẹ́jọ nínú kọ̀ǹpútà ẹ, o sì fẹ́ràn tuntun, mi ò ní fi dù ẹ́. Fedora. Ní bí oṣù kẹrin àti oṣù kẹwàá ló ń jáde, bí oṣù mẹ́tàlá ni wọ́n sì ń tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí túmọ̀ sí pé tí détà bá wọ́n, o lè fo ọ̀kan kí o bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e, kí o máa ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Kò sí ẹni tó máa fi okùn fà ẹ́. Ṣùgbọ́n kí o mọ̀ pé wọn kì í fi àwọn nǹkan tí òfin ẹ̀tọ́ olùdásílẹ̀ dè sínú ẹ̀, nítorí náà fídíò kan lè kọ̀ láti ṣí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. RPM Fusion, ibi tí wọ́n kó irú wọn sí, ni wàá lọ. Tí Wi-Fi tòkunbọ̀ ẹ bá jẹ́ ti Broadcom, òun náà lè kọ̀. Fi okùn so fóònù ẹ mọ́ ọn, kó fi détà fóònù lọ wá ohun tó nílò. Kí o tó fi sórí dísíìkì rárá, tan án láti orí fláàṣì ná. Gbọ́ ohùn ẹ̀, so Wi-Fi, pa á dé kí o tún ṣí i, wò ó bóyá á jí. Ìwọ tí o máa ń kánjú, ibẹ̀ gan-an ni kí o ti fi ara balẹ̀.

Lọ sí ibi ètò kíbọ́ọ̀dù náà, wá Nàìjíríà, wàá rí Yorùbá níbẹ̀. Gbogbo distro tí mo dárúkọ yìí ló ní in. Mo ti rí ìwé iṣẹ́ àṣekágbá ẹ, tí o kọ orúkọ bàbá ẹ láìsí àmì kankan lórí ẹ̀, bí ẹni pé ìlú òyìnbó ni wọ́n ti bí i. Èyí tó bá tún kù lọ́wọ́ ẹ nínú agbára ọ̀dọ́, lọ fi ran àwọn tó ń túmọ̀ GNOME àti KDE sí Yorùbá lọ́wọ́, iṣẹ́ ṣì pọ̀ níbẹ̀ ju ènìyàn lọ.

Kí lo ní? GNOME àbí KDE? KDE ni. Torí pé GNOME tó bá bá Fedora kan dé, òun náà ló máa dúró lórí ẹ̀. Ti Plasma ò rí bẹ́ẹ̀: Fedora 40 tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 6.0 rí 6.1 gbà, ó tún rí 6.2, láìyí Fedora padà. Ẹni tó búra pé tuntun lòun fẹ́, ìyẹn á tó o. Fi GNOME wé e láti orí fláàṣì bó bá wù ẹ́, ojú ẹ lo máa fi wò ó.

Ó yá, òòrùn ṣì wà lókè, sólà sẹ́ńtà ti kún. Mú fláàṣì méjèèjì wá kí o máa da Mint sórí ọ̀kan báyìí. Tí o bá dé Iṣẹ́yìn, kọ́kọ́ da gbogbo ìwé ìyá ẹ kọ sórí fláàṣì kejì, kí o ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mìíràn kí o rí i pé ó pé, kí o tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. Tó bá dé ibi tó ti ń bi ẹ́ pé dísíìkì wo ni kí òun nù, má fọwọ́ kan nǹkan kan. Pè mí.